Ẹ Rántí “Ọmọ Ìyá”: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àpéjọ Gbogboogbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé

Ẹ̀yin aṣojú orílẹ̀-èdè gbogbo,

Mo kí yín kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ló ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, ẹ̀yin ló sì tọ́ kí n sọ ọ́ fún, nítorí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ fi ẹnu ara yín sọ ọ́.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948, àwọn tó ṣáájú yín lórí àga tí ẹ jókòó sí yẹn pé jọ sí ìlú Paris, wọ́n sì dìbò lórí Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn. Orílẹ̀-èdè 48 gbà á wọlé, 8 ta kété, kò sí ẹyọ kan tó dìbò takò ó. Bí wọ́n ṣe tú abala kìíní rẹ̀ sí èdè Yorùbá nìyí: “Gbogbo ènìyàn ni a bí ní òmìnira, iyì àti ẹ̀tọ́ kọ̀ọ̀kan sì dọ́gba. Wọ́n ní ẹ̀bùn ti làákàyè àti ti ẹ̀rí-ọkàn, ó sì yẹ kí wọn ó máa hùwà sí ara wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá.”

Ọmọ ìyá. Mi ò rò pé ẹni tó tú u lè rí ọ̀rọ̀ tó dára ju ìyẹn lọ. Ọmọ ìyá méjì lè má ga bákan náà, ọ̀kan lè lówó ju èkejì lọ, ọ̀kan lè mọ̀wé kí èkejì má mọ ọ̀kan nínú ááfábẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀ kò sí èyí tó ń wárìrì níwájú èkejì kó tó lè sọ tinú rẹ̀. Tí ìṣòro bá dé bá ọ̀kan, èkejì kò ní sọ pé kó kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé òun kò wúlò kí òun tó ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìdọ́gba nínú ìbágbépọ̀ ni: bí èèyàn ṣe ń dúró níwájú èèyàn, bí ẹnu kálukú ṣe tó ọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ ń kà lónìí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, ẹ fọwọ́ sí àfojúsùn 17 tí ẹ fẹ́ kí ayé bá kó tó di òpin ọdún 2030. Ìkẹwàá nínú wọn ni ti dídín àìdọ́gba kù. Ohun àkọ́kọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pé kí owó tó ń wọlé fún ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún tó wà nísàlẹ̀ máa yára pọ̀ ju ti gbogbo ìlú lápapọ̀ lọ. Ìyẹn kò burú. Èkejì ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ó ní kí gbogbo èèyàn rí àyè nínú ìgbé ayé àwùjọ, nínú ọrọ̀ ajé àti nínú ìṣèlú, ìbáà jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, ọmọdé tàbí àgbà, ìbáà ní ìpèníjà ara, ìran yòówù kó ti wá, ẹ̀sìn yòówù kó máa ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń wọ̀n ọ́ ńkọ́? Ẹ ní kí a ka àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó ìdajì ohun tó ń wọlé fún ẹni tó wà ní agbedeméjì. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ka ọmọ èèyàn kún, ẹ wá lọ tú àpò rẹ̀ wò fún ìdáhùn.

Owó ṣe é kà, mo mọ̀. Ohun tí mo rí pẹ̀lú ojú mi ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́.

Mo ti jókòó sẹ́yìn tábìlì kan rí, níbi tí wọ́n ti ń fún àwọn aláìní lówó ìrànwọ́. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Iṣẹ́ mi kò ju kí n ka ìbéèrè orí fọ́ọ̀mù sókè, kí n sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan tó lè bí mi lọ́mọ wọlé wá. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló wọ̀, wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ́là rẹ̀ ti ń bó, ó sì há bíírò kan sí àpò àyà rẹ̀. Àwọn tó kù jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Orúkọ, ọjọ́ orí, iye ọmọ, gbogbo rẹ̀ ló ń dáhùn, ohùn rẹ̀ já geere. A wá dé ìbéèrè kẹrìnlá: “Kí ni ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi fẹ́ gbà yín síṣẹ́?” Ó bojú wẹ̀yìn wo bẹ́ǹṣì, ó sì rọra sọ nǹkan kan. Mi ò gbọ́. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè díẹ̀ sí i.” Ó sọ ọ́ sókè. Ó ní ọwọ́ òun ò yá mọ́, òun kì í tètè lóye nǹkan tuntun, kò síbi tí òun ti lè wúlò. Gbogbo bẹ́ǹṣì gbọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Wọ́n fún un lówó náà. Nígbà tó ń lọ, ó tẹrí ba fún mi, ó ní, “Ẹ ṣé o, ọ̀gá.”

Lórí ìwé yín, ẹnì kan ti gòkè díẹ̀ lọ́jọ́ náà nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀. Èmi tí mo wà níbẹ̀ mọ̀ pé bàbá yẹn kò jáde bó ṣe wọlé, àti pé èmi ni mo dójú tì í.

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo rí i lẹ́yìn náà pé ẹnì kan ti ronú jinlẹ̀ lórí irú ọjọ́ yẹn gan-an. Jonathan Wolff, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1998. Bí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀ tí ẹnì kan kò sì rí i ṣe, kí àwùjọ tó gbà pé kì í ṣe ọ̀lẹ, ó di dandan kó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ò já mọ́ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ ohun tí kò tíì fẹ́ gbà fún ọkàn ara rẹ̀ pàápàá. Ìjọba fẹ́ ṣe òdodo, ó fẹ́ mọ ẹni tó tọ́ sí owó náà. Ohun tó fi wá a rí ni ìtìjú.

Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ní 1999, Elizabeth Anderson, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì ní Amẹ́ríkà, gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ kọ sára ògiri gbọ̀ngàn yín: kí ni ìdọ́gba wà fún gan-an? Àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì tó ṣáájú rẹ̀ ti ń bára wọn fa ohun tó yẹ kí a pín lọ́gbọọgba. Ronald Dworkin ní 1981 ní ohun ìní ni, ó sì ka ẹ̀bùn àbímọ́ni mọ́ ọn. Richard Arneson àti G. A. Cohen ní 1989 ní ó yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí a wo àǹfààní tí kálukú ní láti gbé ayé tó tù ú lára. Ohun kan ló pa gbogbo wọn pọ̀: ohun tí orí burúkú bá kó bá èèyàn, kí àwùjọ bá a gbé e, àfọwọ́fà, kí oníkálukú gbé tirẹ̀. Inú rere ló bí èrò yìí, mi ò sì fẹ́ bù wọ́n kù. Ta ni kò fẹ́ kí a gba ẹni tí orí burúkú ń bá jà sílẹ̀?

Anderson wá mú wọn dé ẹnu ọ̀nà tí èrò náà já sí. Awakọ̀ kan yà síbi tí òfin ní kó má yà sí, kò ní ìbánigbófò, ó forí gbá ọkọ̀ ẹlòmíràn. Ṣé kí a fi í sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kó kú, torí pé àfọwọ́fà ni? Obìnrin kan fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀ láti tọ́jú ọmọ tàbí òbí tó ń ṣàìsàn, ó wá di ẹni tó ń wojú ọkọ kó tó rí owó ná. Ṣé a óò ní òun ló yàn án bẹ́ẹ̀? Àwọn tí a bá sì gbà pé orí burúkú ni tiwọn ńkọ́? Ó fojú inú wo irú lẹ́tà tí ìjọba yóò kọ sí wọn: ẹ máa gba owó yìí, torí pé ẹ̀bùn tí ẹ ní kò wu ẹnikẹ́ni rà, ẹ̀yin, ẹ gba tiyín, torí pé ojú yín kò fani mọ́ra. Owó dé, àbùkù bá a dé. Ìdáhùn tirẹ̀ ni pé ìdọ́gba wà kí ìnilára lè tán, kí àwọn èèyàn lè jọ gbé níbi tí kò ti sí ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ohun ìní sì jẹ́ irinṣẹ́ fún ìyẹn. Nígbà tí mo kà á, bàbá oníṣẹ́ẹ̀tì funfun ni mo rí.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa fi dá mi lóhùn, èmi náà ti gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn púpọ̀: ìka ò dọ́gba. Òótọ́ ni. Ẹ na ọwọ́ yín kí ẹ wò ó, ọmọńdinrín kò gùn tó ìka àárín. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń ṣàn dé orí gbogbo wọn. Tí iná bá jó ọmọńdinrín, gbogbo ọwọ́ ló ń fà sẹ́yìn. Ẹni tó bá fi òwe yẹn gbe ìwà ìtẹ̀mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀, gígùn ìka nìkan ló wò, kò wo àtẹ́lẹwọ́. Àwọn tó pa òwe yẹn náà ló sì pa èyí: ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, igbe ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣọmọ rí nílé ìyá ẹ̀.

B. R. Ambedkar mọ ọ̀rọ̀ yìí lára. Ìdílé tí wọ́n kà sí aláìṣeé-fọwọ́kàn ní Íńdíà ni wọ́n bí i sí. Nígbà tó wà nílé ìwé, bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọmọ mìíràn, ọmọ náà yóò lọ sídìí ẹ̀rọ omi, yóò ṣí i, yóò mu. Òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìránṣẹ́ ilé ìwé ló máa ń bá a ṣí i. Bí ìránṣẹ́ kò bá sí nítòsí, kò sí omi nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ẹnì kan gbé òṣùwọ̀n yín lọ sí ilé ìwé yẹn lọ́jọ́ tí ìránṣẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀rọ kan náà, omi kan náà, gbogbo ọmọ mu, gbogbo ọmọ yó. Kí ni yóò kọ sílẹ̀? Yóò kọ ọ́ pé kò sí àìdọ́gba níbẹ̀. Ọmọ kékeré tó dúró, tó ń retí kí ẹlòmíràn wá bá òun ṣí ẹ̀rọ kí òun lè mumi, kò ní sí nínú ìwé náà rárá.

Ọmọ yẹn dàgbà, ó darí ìgbìmọ̀ tó kọ òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà, abala 17 òfin náà sì fòpin sí àìṣeé-fọwọ́kàn. Ẹ̀rù ṣì ń bà á. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ó kìlọ̀ fún àwọn tí wọ́n jọ kọ ọ́ pé tó bá di ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 1950 tí òfin náà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìgbé ayé àwọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tako ara rẹ̀: ìdọ́gba nínú ìṣèlú, àìdọ́gba nínú àjọgbé àti ọrọ̀ ajé. Ìbò kálukú yóò níye kan náà. Kálukú fúnra rẹ̀ kò ní níye kan náà. Ó ní bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́ jù, àwọn tí àìdọ́gba ń jẹ níyà yóò dojú ohun tí àwọn fi làálàá kọ́ bolẹ̀.

Nọ́ńbà kan tún wà tí gbogbo ìwé ìjọba fẹ́ràn, èyí tí Corrado Gini ọmọ Ítálì gbé jáde ní 1912. Òdo ló máa ń jẹ́ bí owó gbogbo èèyàn bá dọ́gba. Ọ̀kan ló máa ń jẹ́ bí gbogbo rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ mú ìlú méjì tí nọ́ńbà wọn bára mu. Ní ọ̀kan, ẹni tó ń gbálẹ̀ lè sọ fún olórí ilé iṣẹ́ pé ibi tí ẹ gbà yẹn kò tọ̀nà, kó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní èkejì, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé, ilẹ̀ ló ń wò tí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá, kò sì sí ẹni tó mọ orúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà Gini kò lè ya ìlú méjèèjì sọ́tọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí ẹ pa owó tì, kí ẹ wá máa wàásù iyì fún ẹni tí ebi ń pa. Adam Smith, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ti sọ ọ́ ní 1776 pé ní àsìkò tòun, ojú yóò ti alágbàṣe láti jáde sáàárín èèyàn láìwọ ẹ̀wù ọ̀gbọ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ gbé ayé ìrọ̀rùn láìní irú rẹ̀. Owó tí alágbàṣe náà nílò fún ẹ̀wù yẹn, owó kó lè dúró láàárín ẹgbẹ́ ni. Jean-Jacques Rousseau, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, náà ní 1762 sọ ibi tó yẹ kí a fa ìlà sí: kí ọmọ ìlú kankan má lówó débi tí yóò fi lè ra ẹlòmíràn, kí ẹnikẹ́ni má sì tòṣì débi tí yóò fi di dandan kó ta ara rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye àlàfo tó ti pọ̀ jù láàárín olówó àti tálákà, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n.

Àìdọ́gba tó le jù láti rí ni ti ọ̀gá tó dára. Obìnrin kan wà tí mo mọ̀ dáadáa, tó ń ṣiṣẹ́ ilé fún olówó kan. Owó oṣù rẹ̀ kì í pẹ́, ọ̀gá rẹ̀ kì í pariwo mọ́ ọn. Ó sọ fún mi pé láràárọ̀ òun máa ń tẹ́tí sí bí ọ̀gá ṣe ń ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Tó bá gbé e sílẹ̀ wẹ́rẹ́, òun lè tọrọ ààyè ọjọ́ kan láti lọ wo ọmọ òun. Tó bá jù ú gbàù, ó dọ̀la. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń gbọ́ kọ́kọ́rọ́. Philip Pettit, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, sọ nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó jáde ní 1997 pé ẹrú tí olówó rẹ̀ jẹ́ onínúure ṣì wà nínú ìdè, torí inú rere yẹn lè yí padà lọ́la láìsí ẹni tí yóò bi olówó ẹrú léèrè. Obìnrin tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ẹrú, ó ní ìwé àdéhùn iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú ìwé náà tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọjọ́ kan nínú oṣù jẹ́ tirẹ̀ láìbẹ̀bẹ̀.

Ṣé kò wá ní sí olórí mọ́? Kó wà. Tí mo bá wà lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, mo fẹ́ kí dókítà pàṣẹ kí nọ́ọ̀sì sì gbọ́. Àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní ibi tó parí sí, ó sì ní ẹni tó lè bi í wò. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí dókítà bá retí pé kí nọ́ọ̀sì dìde fún òun nínú ọkọ̀ èrò. Ọ̀wọ̀ fún àgbà náà kò bà mí lẹ́rù, torí ọmọdé òní ni yóò jẹ ẹ́ lọ́la; ó ń yí ká. Ipò tí wọ́n bí èèyàn sí nísàlẹ̀, tí kò sì ní yí kàn án láé, òun ni mò ń bá wí.

Ẹ̀yin alára, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo àárín yín. Abala 2 ìwé àdéhùn tí ẹ fi dá Àjọ yìí sílẹ̀ ní 1945 ní gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ dọ́gba. Ẹ ti di 193 báyìí, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan láti ẹnu ẹnikẹ́ni nínú àwọn márùn-ún tó ní agbára ìfagilé sì tó láti pa ìpinnu rẹ́ nínú Ìgbìmọ̀ Aláàbò. Mi ò retí pé lẹ́tà tèmi ló máa tún ìyẹn ṣe. Mo fi rán yín létí ni. Àwọn 188 tó kù nínú yín mọ bó ṣe máa ń rí lára láti jókòó sínú yàrá tí ẹnu ẹni kò ti tó ọ̀rọ̀.

Ẹ sì ti tún ọ̀rọ̀ ṣe rí. Nígbà tí wọ́n ń kọ Ìkéde 1948, “gbogbo ọkùnrin” ni èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kọ́kọ́ sọ. Hansa Mehta, obìnrin tó ṣojú Íńdíà, kò gbà, ó takú títí tí ó fi di “gbogbo ọmọ èèyàn”. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún kò tóbi ju ìyẹn lọ. Nínú àfojúsùn kẹwàá yín, òṣùwọ̀n kan wà, 10.3.1, tó ń bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀ tàbí yọ wọ́n lẹ́nu láàárín oṣù 12 tó kọjá. Bí ẹ bá ń kọ ohun tó máa rọ́pò àwọn àfojúsùn yìí lẹ́yìn 2030, ẹ gbé ìbéèrè yẹn wá síwájú, kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè tako ọ̀gá wọn kí iṣẹ́ má bọ́. Ẹ bi wọ́n iye ìgbà tí wọ́n bẹ òṣìṣẹ́ ìjọba fún ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn. Ẹ bi wọ́n ta ni wọ́n ń bẹ̀rù nínú ilé ara wọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì wà lára àwọn tó máa kọ ìbéèrè náà, torí àwọn ló mọ èyí tó ń dun ni.

Kí ẹ sì sọ fún gbogbo ìjọba àti gbogbo àjọ tó ń fi owó yín ṣèrànwọ́ pé kí wọ́n yẹ fọ́ọ̀mù wọn wò ní ìlà dé ìlà. Àìní nìkan ni kí wọ́n béèrè. Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó béèrè. Kí wọ́n fún ẹni tó ní bíírò láyè kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Bàbá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yọ bíírò tirẹ̀ jáde lọ́jọ́ náà. Èmi ni mi ò ní kó yọ ọ́. Ìbéèrè kẹrìnlá ṣì wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn nígbà tí mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ẹni tó ka ìbéèrè náà sókè